Mo Wá Ìkòkò Lọ sí Ẹ̀yìn Kwali

Ọjọ́rú

Mẹ́rin la wà lẹ́yìn mọ́tò Golf tó gbé wa kúrò ní Kubwa, èèyàn méjì sì há mọ́ra níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní Zuba a ya ọ̀nà Lokoja, a kọjá ìyànà Giri níbi tí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ti wá pàdé tiwa, a dé Gwagwalada, a gba ibẹ̀ já sí Kwali. Kò sí ohun tó tó ròyìn lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí ooru. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ọyẹ́ ti lọ pátápátá, òjò ò sì tíì yọjú.

Àmàlà ni mò ń tà ní Kubwa. Láti ìgbà tí àwọn oníbàárà ti ń ya fọ́tò oúnjẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, gbẹ̀gìrì inú ìkòkò amọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo sì tún fẹ́ àmù ńlá tí màá gbé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún omi mímu, torí owó epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń mú omi tutù ti fẹ́ jẹ èrè orí ọbẹ̀ tán. Àwọn tó ń to ìkòkò sẹ́bàá títì nígboro ń pe owó rẹ̀ bí ẹni ń ta wúrà. Ìyá Ìbejì ló ní kí n wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, a jọ ń dá àjọ ní Kubwa kí wọ́n tó gbé ọkọ wọn tó jẹ́ tíṣà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Wọ́n ní àwọn tó ń mọ ọ́n gan-an wà lẹ́yìnkùlé àwọn, kí n yé fowó ṣòfò.

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló fi ọ̀kadà pàdé mi ní Kwali. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà, igi kajú àti igi òrí lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ebè iṣu tuntun tí wọ́n ti fi koríko dé lórí kí oòrùn má baà sè é. Ọmọ náà ní tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn kì í gba ibẹ̀ mọ́. Mi ò béèrè ìdí. Ẹni tó bá ń gbé ìgbèríko Àbújá lásìkò yìí, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ajínigbé fún un?

Bí a ṣe ń wọ abúlé la pàdé àwọn obìnrin tó ń gbé igi ìdáná bọ̀ láti oko. Ẹrù wọn kò sí lórí. Èjìká ló wà, ní ìdí ọrùn lẹ́yìn, wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè dì í mú, wọ́n sì ń rìn ṣánṣán. Ẹni tó bá mọ àwọn Gbágyì, ìyẹn ẹ̀yà onílẹ̀ agbègbè Àbújá, ohun tó fi kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n nìyẹn. Ìyá Ìbejì ní àlàyé tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń ṣe ni pé orí ni ọba ara, a kì í sì í sọ ọba di alábàárù. Mo ní àwa tí à ń sọ pé orí la bá bọ, tí a tún ń di osùká lé e ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá jẹun. Tùwó àgbàdo àti ọbẹ̀ lúrú ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu díẹ̀ sí i.

Ọjọ́bọ̀

A kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ kí oòrùn tó mú. A mú obì dání, a kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Wọ́n wá bi mí iye tí mò ń ta àwo àmàlà kan ní Kubwa. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n ké "Kai!" Ìyẹn náà ló parí ìkíni.

Agboolé àwọn amọ̀kòkò kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì. Ìyá àgbà kan wà lábẹ́ máńgòrò, àwọn ìyàwó ọmọ wọn méjì sì ń gún àpáàdì nínú odó. Àpáàdì tí wọ́n bá gún, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, kí ìkòkò má baà sán nínú iná. Ohun tí iná ti jó rí kì í tún sún kì mọ́ tí iná bá kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Hausa ọjà ni mo gbọ́. Ìyá àgbà náà gbọ́ Hausa díẹ̀, Gbágyì ló dùn lẹ́nu wọn. Ìyá Ìbejì ń sọ Gbágyì bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún tí wọ́n ń jù ú sósì.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, mo mọ Òkèlele, mo sì ti rò pé kò sí ohun tí wọ́n máa fi hàn mí nípa ìkòkò mímọ. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdí ìkòkò tuntun ti ń jáde. Ìyá àgbà yìí kò da nǹkan kan dé. Wọ́n gbé ìṣù amọ̀ ńlá kan ka orí àpáàdì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gún àárín rẹ̀ títí ó fi jìn bíi kòtò, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ yẹn kò lè ga mọ́, wọ́n mú amọ̀ mìíràn, wọ́n yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí ó fi gùn gbọọrọ, wọ́n ká a lé ẹnu ìkòkò, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ tìsàlẹ̀. Wọ́n tún ká òmíràn lé e.

Ìkòkò náà kò yí rárá. Ìyá àgbà ni wọ́n ń yí i ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan, ọwọ́ kan nínú ìkòkò, ọwọ́ kejì níta, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn yí i po, wọn ò wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ kòtò róbótó níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gbà lójoojúmọ́. Wọ́n mú àkúfọ́ igbá, wọ́n fi ń ha ara rẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́. Wọ́n mú kùùkù àgbàdo tí wọ́n ti ṣí ọmọ rẹ̀ kúrò, wọ́n yí i gbirigbiri lára amọ̀ tútù náà. Igi kékeré kan tí wọ́n fín ni wọ́n fi parí rẹ̀: wọ́n yí i lára ọrùn ìkòkò, ó sì fi ilà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ yí ká, ìbẹ̀rẹ̀ ilà náà pàdé òpin rẹ̀ láìsí àlàfo. Mo wá ibi tó ti so pọ̀, mi ò rí i. Àmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mi ní itan, ojú lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó sì ṣe róbótó.

Mo ní mi ò rí irú rìnrìn yìí rí. Ìyá àgbà ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ladi ṣe ń rìn.

Ladi Kwali ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì pè é bí ẹni ń pe aládùúgbò. Kwali yìí ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ obìnrin kan ló ti kọ́ iṣẹ́ náà ní kékeré, ó sì máa ń fín alángbá, ejò àti ọ̀nì sára ìkòkò rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ wà láàfin Ẹ́míà Abuja àtijọ́, ìyẹn ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí. Ibẹ̀ ni òyìnbó Michael Cardew tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́ ti rí i ní 1950. Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìlú náà, Ladi sì wọlé ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó dé Ìlú Ọba, ó dé Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn èèyàn bó ṣe ń mọ ọ́n nílé. Ahmadu Bello University fún un ní oyè dókítà ní 1977, ó sì kú ní 1984. Gbọ̀ngàn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Sheraton tẹ́lẹ̀ ní Àbújá. Mo ti lọ jẹ ìgbéyàwó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì wa. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ìyàwó ológun kan ni.

Ìyàwó ọmọ wọn kékeré kì í mọ àmù. Ìkòkò òdòdó ló ń mọ, fún ọkùnrin kan tó máa ń gbé ọkọ̀ wá láti ìgboro kó o lọ fún àwọn ilé ńláńlá ní Maitama. Ó ní láti dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ìyá àgbà ń wò ó bó ṣe ń fi igi lu ihò náà, wọ́n sọ nǹkan kan, gbogbo agboolé sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: wọ́n ní ìyá àwọn ì bá na àwọn tí àwọn bá mọ ìkòkò tó ń jò, ìgbà tó yí ni wọ́n ń sanwó fún jíjò. Owó tiẹ̀ sì ń yá ju ti àmù lọ. Kẹ́ẹ̀gì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìkòkò omi, àfi àwọn tó ń fi ọkà bàbà pọn bùrùkùtù ló ṣì ń ra ńlá dáadáa, torí wọ́n ní ọtí inú rọ́bà kì í dùn. Ìyẹn kò kàn mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ọjà ẹlòmíràn dúró, kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì

Ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ni mo ní kí wọ́n mú mi lọ. A jí lọ ní òwúrọ̀ kùtù, gba etí odò kan tó ti gbẹ ku àbàtà, dé ibi kòtò ńlá kan tó jìn tó ìdúró èèyàn. Amọ̀ tó wà lókè dúdú, ó kún fún gbòǹgbò, wọn kì í lò ó. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tó rí bí eérú tó sì ń fà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà wọ inú kòtò lọ pẹ̀lú ọkọ́ olórí kékeré, ó ń ju ìṣù rẹ̀ sókè. Wọ́n dì í sínú igbá ńlá, wọ́n gbé e lé èjìká.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òpó sìmẹ́ǹtì kúkúrú kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Òmíràn wà ní òkè ibẹ̀, òmíràn ní òdìkejì kòtò. Gbogbo ará Àbújá ló mọ òpó yẹn. Àwọn awọnlẹ̀ ti dé.

Mo bi Ìyá Ìbejì pé ta ló tà á. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tà á, ta ni yóò ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀? Bó sì ṣe rí nìyẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, ìjọba Murtala Muhammed ṣe òfin tó gba gbogbo ilẹ̀ yìí fún olú-ìlú tuntun. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ ọmọ Yorùbá, Akínọlá Àgúdà, jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá ibẹ̀, wọ́n ní èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀ àti pé àárín gbùngbùn Nàìjíríà ni. Orúkọ Abuja pàápàá, ọwọ́ ìlú tó di Suleja ni wọ́n ti gbà á. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fẹ́ kó gbogbo onílẹ̀ kúrò. Nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn, wọ́n fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà, wọ́n ṣí àwọn tí ìkọ́lé dé ọ̀dọ̀ wọn nípò. Ìdí nìyí tí Sabon Wuse fi wà ní ìpínlẹ̀ Niger tí Wuse sì wà láàárín ìgboro Àbújá. Kubwa tí mò ń gbé gan-an, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kó àwọn Gbágyì wá ni. Ìwé òfin 1999 sì sọ ọ́ ní abala 297 pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú. Wọ́n lè san owó ohun ọ̀gbìn àti owó ilé fún ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Kòtò amọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn. Ta ni yóò kà á?

Ohun tó yé mi lónìí nìyẹn, mi ò sì fara mọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ mọ́ pé rọ́bà ló ń pa iṣẹ́ ìkòkò. Rọ́bà kò tíì pa á. Àwọn obìnrin yìí ti rí ọ̀nà gbé e gbà, wọ́n ń lu ihò sí ìdí ìkòkò fún ẹni tó bá fẹ́ ihò. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá tí wọ́n bá kọ́lé lé orí amọ̀.

Ìyá àgbà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa òpó náà. Wọ́n ní àwọn ń wa tàwọn lọ ná. Nígbà tí a délé, tí mo kírun Jímọ̀ tán, mo wo inú àpótí owó Ìyá Ìbejì, ₦20 kan wà níbẹ̀ tó ti gbó, owó tí ọmọdé pàápàá ò gbà mọ́. Iwájú rẹ̀, Murtala. Ẹ̀yìn rẹ̀, Ladi Kwali àti ìkòkò. Mo fi han ọkọ wọn. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń náwó náà, àwọn ò tíì fi ọ̀ràn ilẹ̀ wò ó rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Wọ́n sun ìkòkò lónìí. Wọ́n ti fi í sí ìbòòji kó fi gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ti ọjọ́bọ̀ tí mo wò ò sí lára rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dúró dè, nígbà tí atẹ́gùn ti rọlẹ̀. Wọ́n to igi sílẹ̀, wọ́n da ìkòkò dé lé e, ńlá nísàlẹ̀, kékeré láàárín, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀ títí mi ò fi rí ìkòkò kankan mọ́, wọ́n sì ṣáná sí i láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Koríko náà jó wìì, ó di eérú dúdú, eérú yẹn ló wá dé ooru mọ́lẹ̀. Bí ibì kan bá lu, ẹni kan á tètè ju koríko mìíràn síbẹ̀.

A gbọ́ ìró kan, pà! Ìyá àgbà ò wòkè. Wọ́n ní ọ̀kan ni. Lẹ́yìn náà, a tún gbọ́ òmíràn.

Ìkòkò omi dúdú kan wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú ni wọ́n sè sínú rẹ̀, ó sì ti ki. Nígbà tó tó, wọ́n fi igi gígùn fa ìkòkò jáde láti inú iná ní pípọ́n rẹ́rẹ́, wọ́n ki ìdì ewé bọ inú omi náà, wọ́n wọ́n ọn lára ìkòkò. Ó ta ṣàà. Èéfín rẹ̀ kan mi nímú, òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti irú ṣùgbọ́n ó korò jù ú. Ibi tí omi náà bá kàn ń di àwọ̀ igi ọ̀mọ̀, ó ń dán, ó sì ń dí àwọn ojú ihò wẹ́wẹ́ ara ìkòkò ọbẹ̀. Àmù ni wọn kì í wọ́n ọn sí púpọ̀. Wọ́n fẹ́ kó máa làágùn: omi á máa yọ díẹ̀díẹ̀ sí ara rẹ̀ níta, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́, tinú á sì máa tutù. Èyí tó kan èmi àti owó jẹnẹrétọ̀ mi nìyẹn.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Mo pa òwe náà fún wọn, Ìyá Ìbejì túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí ìdí rẹ̀ gbóná ni kò jẹ ata, wọ́n sì nawọ́ sí èyí tó fọ́.

Ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ta ọṣẹ, mágí àti ìwọ̀n ìyọ̀ díẹ̀. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kan tó ń fẹ́ táyà létí ọ̀nà wá jókòó tì mí, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni bá sọ Yorùbá tí kì í ṣe ti owó.

Ọjọ́ Ajé

Ìnájà. Ìyá àgbà pe àmù kọ̀ọ̀kan ní ₦12,000, mo ní ₦8,000, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. A parí rẹ̀ sí ₦10,000, ìkòkò gbẹ̀gìrì sì jẹ́ ₦1,500. Kí wọ́n tó gba owó, wọ́n fi ojúgun ìka kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ́ tí kò dún kanran, wọ́n á yọ ọ́ kúrò fúnra wọn. Mi ò ní láti ṣàyẹ̀wò kankan. Wọ́n ní kí n rọ omi kún un di ọjọ́ kejì, kí n sì se omi èèrí nínú ti ọbẹ̀ kí ata tó kàn án.

A fi koríko dì wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan tó ń kó iṣu lọ. Àwọn tó dá wa dúró lójú ọ̀nà ní Gwagwalada ní kí a sọ ẹrù kalẹ̀ kí àwọn rí ìdí rẹ̀. Awakọ̀ fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹrù ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ìkòkò kan fọ́, ìyẹn náà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá mi já a.

Àfikún

Omi àmù ti gbayì níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́kadà tiẹ̀ ń dúró mu ún láìra àmàlà. Lánàá, Ìyá Ìbejì pè mí. Wọ́n ti fi wáyà yí ibi kòtò amọ̀ ká, àwọn obìnrin náà sì ti lọ bá baálẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ibòmíràn lódìkejì odò, amọ̀ ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó jìn, ó sì di dandan kí wọ́n háyà ọ̀kadà láti kó o. Ìyá àgbà ní kí wọ́n sọ fún mi pé àwọn máa fi ₦1,000 lé owó àmù. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n, kó jẹ́ ₦500. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.